Ẹ Jẹ́ Kí Olórin Kúrò Níbi Tí A Fi Í Sí

Ní ọdún 2008, nígbà tí mo ṣì jẹ́ akọ̀ròyìn ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan l'Ékòó, ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orin ẹgbẹ́ TV on the Radio. Ilẹ̀ ti ṣú. A ń dúró de ìròyìn tó kẹ́yìn kí ìwé ìròyìn tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé, ni ọ̀rẹ́ mi kan bá pè mí pé kí n wá gbọ́ ohun kan lórí kọ̀ǹpútà òun. Dear Science ni, àwo orin tí ẹgbẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde. Orin rọ́ọ̀kì ni, irú èyí tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ lórí rédíò wa, ṣùgbọ́n àwọn afunfèrè kan láti inú Antibalas, ẹgbẹ́ tó ń ṣe orin Afrobeat ní Brooklyn, wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbè é. Mo béèrè orúkọ akọrin. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Túndé Adébímpé." Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni.

Òótọ́ ló sọ. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí Túndé, Amẹ́ríkà ni wọ́n sì bí i sí. Òun àti Dave Sitek ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Brooklyn ní 2001, kí àwọn yòókù tó dara pọ̀ mọ́ wọn. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa Gerard Smith, ọ̀kan nínú wọn, ní oṣù kẹrin 2011, mo ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí mo mọ̀ rí. Wọ́n gbé àwo Seeds jáde ní 2014. Lẹ́yìn náà, wọ́n dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n padà sórí ìtàgé ní ìparí 2024, láti ṣàjọyọ̀ ogún ọdún àwo wọn Desperate Youth, Blood Thirsty Babes, inú mi dùn. Mo ní àwo tuntun ti dé tán. Àwo dé lóòótọ́, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 2025, ṣùgbọ́n ti Túndé nìkan ni. Thee Black Boltz ni àkọlé rẹ̀, Sub Pop ló gbé e jáde, Wilder Zoby ni òun àti Túndé sì jọ ṣe é, kì í ṣe Sitek.

Kí n má purọ́ fún yín, ara mi kò gbà á. Mo gbọ́ àwo náà lẹ́ẹ̀kan, mo ń wá gìtá Sitek tí í máa ń nípọn bí ọyẹ́, mo ń wá ohùn Kyp Malone lẹ́yìn ohùn Túndé. N kò rí wọn, mo bá pa á tì.

Orin kan ló dá mi padà: ILY. Àbúrò Túndé obìnrin kú lójijì ní àwọn ọdún tó ń ṣe àkójọ orin wọ̀nyí, òun sì ni ó ń bá sọ̀rọ̀ nínú ILY. Gìtá jẹ́jẹ́ àti ohùn rẹ̀ ló gba iwájú. Bí mo ti ń gbọ́ ọ, ó yé mi pé ariwo tí mo ń wá kiri yóò bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀ ni. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ohun tí ọkùnrin yìí ń rí nínú ẹkún rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó ń rí ní 2008.

Àwọn kan yóò ní ẹni tó fowó ra orin lẹ́tọ̀ọ́ láti wí tẹnu rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Èmi náà rò pé orin bíi mélòó kan nínú àwo yìí parí kí wọ́n tó gbóná. Ìyẹn, àríwísí ni. Ṣùgbọ́n kí a máa bínú sí olórin nítorí pé kò ṣe àwo tí àwa ti ṣe tán sínú ọkàn wa, a ti ń fi ìfẹ́ de ènìyàn mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Mo mọ bí ó ṣe ń rí lára. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó ń ka ìwé mi nígbà náà ṣì ń bi mí pé, "Ìgbà wo lẹ máa padà sẹ́nu iṣẹ́ yín?" Ìfẹ́ ló ń mú wọn béèrè. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi tó pè mí wá gbọ́ Dear Science lálẹ́ ọjọ́ yẹn ti di olóògbé. Bí mo bá tilẹ̀ padà, ta ni yóò jókòó sórí àga rẹ̀?

Bí TV on the Radio bá ṣe àwo mìíràn lọ́la, n ó wà lára àwọn tí yóò kọ́kọ́ rà á. Ní báyìí ná, ẹ gbọ́ Thee Black Boltz, kí ẹ má sì wá Dear Science nínú rẹ̀. Dear Science kò sọnù. Ó wà níbi tí ẹ fi í sí, ẹ sì lè gbọ́ ọ nígbàkígbà tó bá wù yín.