Iná Nagaoka Kì Í Sún Ọjọ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ará ìlú Nagaoka, ní ilẹ̀ Jàpáànì, fi ń yin iná ẹ̀tù aláràbarà sójú ọ̀run létí odò Shinano, odò tó gùn jù ní gbogbo ilẹ̀ wọn, ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ lọ́dọọdún, ì báà bọ́ sí Ọjọ́ Ajé, ì báà bọ́ sí Ọjọ́rú, kó kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ohun tí ojú wọn rí ní alẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù náà, lọ́dún 1945. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni àwọn ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í da bọ́ǹbù oníná sórí ìlú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti lé ní 1,400 ènìyàn tó bógun lọ, àtọmọdé àtàgbà, èyí tó pọ̀ jù nínú ilé ìlú sì ti di eérú. Àwọn mìíràn sá lọ sínú odò kékeré tó ń jẹ́ Kaki kí iná má bàa jó wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n kú sí.

Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Nígbà tí àjálù yìí pé ọdún kan géérégé, àwọn tó ṣẹ́kù ṣe àjọ̀dún àtúntò ìlú, nígbà tó sì di 1947, wọ́n tún gbé iná ẹ̀tù jáde, èyí tí àwọn baba wọn ti ń yìn láti 1879 kí ogun tó dá a dúró.

Èmi kò bu ẹni tó tìtorí ìran lọ kù. Ọta ńlá tí wọ́n ń pè ní sanshakudama, tó fẹ̀ tó 90 sẹ̀ǹtímítà, tó sì wọn 300 kìlógíráàmù, a máa gòkè tó 600 mítà kó tó tanná, ìró rẹ̀ a sì máa mi ẹni láyà. Ṣùgbọ́n èyí tó gba ọ̀wọ̀ jù lójú tèmi ni mẹ́ta péré tí wọ́n ń yìn ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, ní wákàtí tí bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í já gan-an: funfun báláú ni, kò lábùlà àwọ̀ kankan, Shiragiku ni wọ́n ń pè é, orúkọ òdòdó funfun tí wọ́n fi ń sin òkú. Kase Seiji, àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí iná ẹ̀tù, ẹni tí ogun sọ di ìgbèkùn ní Siberia, ló ṣe é ní ìrántí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò bá a padà wálé. Ní 1990 ó kó o lọ sí Khabarovsk, ó sì yìn ín fún wọn lórí ilẹ̀ ìgbèkùn náà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń gbè sẹ́yìn àwọn ará Nagaoka tí wọn kò gbà láti sún ọjọ́ wọn sí òpin ọ̀sẹ̀, bí ìlú mìíràn tilẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí èrò lè pọ̀ sí i. Ẹni tó ń ṣe ìrántí ikú baba rẹ̀ kì í bi ọjà léèrè ọjọ́ tí yóò ṣe é. Àlejò ni kó tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé dé Tókíyò nígbà ooru wọn, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ayárabíàṣá kì í ti lò tó wákàtí méjì dé Nagaoka, kó dé ìlú náà ní ọjọ́ kìíní, kó bá wọn dúró létí odò Kaki níbi tí wọ́n ti ń gbé fìtílà sórí omi. Ìjókòó ti ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta ni kó ti san owó rẹ̀ sílẹ̀ kí oṣù kẹjọ tó wọlé.