Ìwé Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Kì í Ṣe Ìjìyà



Ní Yemẹtu níbí, tí ọmọ bá béèrè ìmọ̀ ìṣègùn, tí wọ́n wá fún un ní ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, ńṣe ni ilé máa ń dákẹ́ bí ẹni pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Baba á ní kó tún ìdánwò ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi náà ti gba ọmọ kan nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ rí, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Ẹ rí bàbá yín tó fi gbogbo ayé rẹ̀ roko, tí kò lówó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí ló fà á? Ẹ wo ẹ̀gẹ́. Tí a bá ti hú u, kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Alájàpá mọ̀ bẹ́ẹ̀, iye tó bá wù ú ló ń san. Ẹni tó bá sọ ọ́ di gàrí tàbí láfún lè tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó dúró de ọjà. Àgbẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìmọ̀ òwò ni kò ní.

Ìmọ̀ yẹn ni irú ẹ̀kọ́ yìí ń fúnni: ìṣirò èrè àti àdánù, ìpamọ́ irè, àti ìtọ́jú ilẹ̀ kó má baà ṣá. Jósẹ́fù kò fi ọkọ́ gba Íjíbítì lọ́wọ́ ìyàn. Ìṣirò ló fi ṣe é: ìdá kan nínú márùn-ún irè, fún ọdún méje.

Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò jìnnà. Láti 1921 ni wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ àgbẹ̀ ní Moor Plantation, ní Àpáta, níbi tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀ wà lónìí. Ọdún méjì ni ti ND, ọdún méjì sì ni ti HND.

Lóòótọ́, ìwé-ẹ̀rí nìkan kò hu iṣu. Ọmọ yóò nílò ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ agboolé wa ní Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba ló ní abúlé ní Lágelú, Akínyẹlé tàbí Ọ̀nà Àrà, a sì ń tà wọ́n ní púlọ́ọ̀tì-púlọ́ọ̀tì. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó ta èyí tó kù, ẹ yọ éékà kan fún ọmọ tó kàwé àgbẹ̀. Ẹ má fi ìwé lé e lọ́wọ́ kí ẹ tún ta ilẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.