Òfin ilé fífọ́ ní Íńdíà: Ìwé yí padà, ẹ̀wọ̀n ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù keje, ọdún 2024 ni orílẹ̀-èdè Íńdíà ti pa ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún wọn lọ́dún 1860 tì, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo tuntun tí wọ́n pè ní Bharatiya Nyaya Sanhita. Ìjọba wọn ní àwọn fẹ́ bọ́ àjàgà òyìnbó kúrò lọ́rùn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yẹ apá tó kan wíwọ ilé onílé àti ilé fífọ́ wò dáadáa yóò rí i pé agbádá tuntun ni wọ́n wọ̀ fún ara àtijọ́.

Abala 22 ni ọ̀rọ̀ yìí gbà nínú ìwé àtijọ́. Wọ́n ti ká a kò sí mẹ́fà. Ẹ̀wọ̀n ibẹ̀ kò yẹ̀. Ẹni tó bá fọ́lé lọ́sàn-án lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tòru lè tó mẹ́ta, bó bá sì jẹ́ pé láti jalè ló ṣe fọ́lé lóru, ó lè tó ọdún 14. Owó ìtanràn ló gbéra ní tòótọ́. Rupee 500 péré, tí kò lè ra àpò ìrẹsì kan, ni ẹni tó bá wọ ilẹ̀ onílẹ̀ pẹ̀lú èrò ibi lè san tẹ́lẹ̀. Ó ti di 5,000 báyìí.

Abala olè jíjà nínú ilé ni wọ́n ti fi nǹkan tuntun kún un. Ẹni tó bá jí ọkọ̀ akérò tàbí akẹ́rù, tó jí ẹrù inú rẹ̀, tó jí ère ní ilé ìjọsìn tàbí tó jí dúkìá ìjọba, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún méje, bíi ti ẹni tó jalè nínú ilé, ló ń dúró dè é. Àánú sì wà fún ẹni tó kọ́kọ́ jí ohun tí kò tó rupee 5,000, tó sì dá a padà: iṣẹ́ ìlú ni yóò ṣe. Àmọ́ olè lásán ni àánú yìí wà fún, kò sí i fún olè inú ilé. Ẹni tó sì ti ṣẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tí òfin tuntun bẹ̀rẹ̀, ìwé àtijọ́ ni wọn yóò fi dá a lẹ́jọ́.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ìwé 1860 yẹn ni wọ́n gbé gba Sudan kí wọ́n tó fi ṣe Penal Code fún Àríwá Nàìjíríà lọ́dún 1960. Queensland ní Ọsirélíà ni Criminal Code tiwa ní gúúsù ti wá. Èkó ti ṣe tirẹ̀ láti 2011, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ṣì ń lo ti àtijọ́, ó sì le ju ti Íńdíà lọ. Bí ẹnì kan bá ti ilẹ̀kùn tí wọ́n pa dé lásán, òfin ní ó ti fọ́lé nìyẹn. Bó bá jẹ́ láti dá ọ̀ràn ńlá, ọdún 14 ni lọ́sàn-án, ẹ̀wọ̀n gbére ni lóru.

Kí ni òru? Oòrùn ni Íńdíà ń wò, bó ti wọ̀ àti bó ti yọ. Aago ni tiwa ń wò: aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀. Ní oṣù keje, nígbà tí oòrùn kì í tètè wọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fọ́lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún lé ní mẹ́fà ààbọ̀, tí ojú ọ̀run ṣì mọ́ kedere, olè òru ni lójú òfin.