Ẹ Jẹ́ Kí A Sìn Wọ́n Kí A Tó Sin Wọ́n

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, mo mọ̀ pé ó lè dun àwọn kan. Ṣùgbọ́n èmi gan-an ló kọ́kọ́ bá wí kó tó kan ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó bínú.

Nínú ìpàdé wa tó kọjá, a tún sọ̀rọ̀ nípa owó ìsìnkú tí ẹgbẹ́ ń dá. Àwọn kan ní kí a fi kún un. Wọ́n ní ohun gbogbo ló ti wọ́n: àga wọ́n, àtíbàbà wọ́n, aṣọ wọ́n, onílù wọ́n. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó níbẹ̀, mo wo ara wa. Gbogbo àwa tí a di ìwé mú, tí a ń ka iye owó, ọkùnrin ni wá. Àwọn ìyá wa àti àwọn ẹ̀gbọ́n wa obìnrin wà lẹ́yìn, wọ́n ń gbọ́. Owó tí wọ́n so mọ́ igun ìró wá láti Tokpa ló wà lórí tábìlì níwájú wa. Ìyẹn ló mú mi rántí ibi tí mo ti ń bọ̀.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọdún 1976 ni mo wọ ilé ìwé ní Akpakpa níbí. Kò tíì pé ọdún kan nígbà náà tí Kérékou yí orúkọ Dahomey padà sí Bénin, ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ẹ ó rántí. Káàkí lára, síléètì lọ́wọ́, ẹfun nínú àpò. Àgbà ń pe àgbà ní kamaráàdì. Àwa ọmọdé ń roko ilé ìwé, a ń kọrin, a sì rò pé ayé tuntun ti dé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti wà nílé ìwé yẹn ṣáájú mi. Ọdún méjì ni wọ́n fi jù mí lọ. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń di ẹfun mú kó má kán. Bí mo bá kùnà ìṣirò, wọn á da hóró àgbàdo sílẹ̀, wọn á máa fi kà á fún mi títí yóò fi yé mi. Kò sí ẹni tó mọ̀ wá ládùúgbò tí kò mọ̀ pé orí wọn jí ju tèmi lọ.

Ní ọdún 1978, màmá wa bí ọmọ kẹrin. Gàrí àti èlùbọ́ ni wọ́n ń tà ní Tokpa. Ẹni tí yóò máa dúró ti ìsọ̀ nígbà tí ọmọ bá ń sunkún, kò sí. Bàbá wa wá ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi ilé ìwé sílẹ̀ fún ọdún kan péré. Ọdún kan yẹn kò tíì pé títí di òní olónìí.

Ẹnikẹ́ni kò jà sí i. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n mú èmi. Ọkùnrin ni mí, ọ̀rọ̀ sì tán. Láràárọ̀, èmi á gbé àpò ìwé, àwọn á gbé igbá, a ó jọ rìn dé ìdí afárá, wọn á sọdá odò lọ sí Tokpa, èmi á yà sí ilé ìwé. Ẹ bi ara yín léèrè, ẹ̀yin ará mi: ilé mélòó nínú wa ni ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀?

Nígbà tó di ọdún 1989, mo ti dé kíláàsì àṣekẹ́yìn, mo ń múra BAC. Ẹ kò ní gbàgbé ọdún yẹn. Àwọn báńkì ìjọba ti gbẹ, owó oṣù dúró, olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà daṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún ìwé yẹn di òfo. "Ọdún funfun" la ń pè é. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá wa. Wọn á wọ aṣọ lárọ̀, wọn á jáde, wọn á sì padà wálé lọ́wọ́ òfìfo. Ta ló bọ́ wa? Tokpa ló bọ́ wa. Ìsọ̀ gàrí màmá wa àti ẹ̀gbọ́n mi ló bọ́ bàbá alákọ̀wé àti ọmọ alákọ̀wé. Nígbà tí ilé ìwé ṣí padà, tí mo ní láti tún kíláàsì náà ṣe, owó àjọ tí ẹ̀gbọ́n mi kó, tí wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ òwò tiwọn, ni wọ́n fi ra ìwé fún mi.

Ní oṣù kejì ọdún 1990, láti ọjọ́ 19 títí dé ọjọ́ 28, àwọn aṣojú láti gbogbo ilẹ̀ yìí pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì PLM Alédjo, níbí ní Kútọnu, tí Monseigneur Isidore de Souza ṣe alága. Rédíò ń gbé e sáfẹ́fẹ́. Mo lọ kí àwọn màmá ní ìsọ̀, wọ́n gbé rédíò kékeré sórí àpò gàrí. Èdè Faransé ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, èmi ni mò ń túmọ̀. Àwọn alátẹ tó múlé gbè wá pé jọ. Obìnrin kan nínú wọn bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti dárúkọ àwa ọlọ́jà?" Mo dá wọn lóhùn pé wọn kò tíì dárúkọ wa. Wọ́n rọra rẹ́rìn-ín, wọ́n padà sídìí àtẹ wọn. Títí di òní, ìbéèrè yẹn kò kúrò létí mi. Àwọn tó bọ́ ìlú lọ́dún tí owó ìjọba tán, wọn kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń tún ìlú ṣe.

Mo gba BAC, mo lọ sí yunifásítì ní Calavi. Nígbà tí wọ́n já CFA sí méjì ní oṣù kìíní ọdún 1994, tí fràǹ Faransé kan kúrò ní 50 CFA tó di 100, ẹ̀gbọ́n mi ti ń ta ànkàrá. Ọjà tiwọn gbówó lórí lójú ẹsẹ̀, oníbàárà sá. Èmi kò tíì ríṣẹ́. Wọ́n ṣì ń fún mi lówó ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ń dùn mí jù. Nígbà tí màmá wa papò dà, mo ní dandan ni kí ìlú mọ̀ pé wọ́n bímọ. Mo yá owó. Mo pa màlúù. A ní aṣọ ẹbí, a ní onílù méjì. Àwọn ènìyàn jẹ, wọ́n mu, wọ́n yìn mí. Lọ́dún yẹn kan náà, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi, tó ku díẹ̀ kó ṣe BEPC, fi ilé ìwé sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Iṣẹ́ rere ni iṣẹ́ aránṣọ, n kò bú u. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yàn án. Ìjọba ti yọ̀ǹda owó ilé ìwé fún ọmọbìnrin ní ìpele kìíní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé ńkọ́? Káàkí ńkọ́? Oúnjẹ ọ̀sán àti owó ọkọ̀ ńkọ́? Ìyá rẹ̀ ti kó gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀ fún ìsìnkú, wọ́n sì ti jẹ gbèsè lé e. Wọn kò sọ fún mi. Èmi náà kò bi wọ́n. Mo sin ìyá, mo sì tún ohun tí wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́dún 1978 ṣe fún ọmọ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ ó ní: ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mo gbà. Èmi kò ní kí a ju òkú sígbó. Ṣùgbọ́n sísin kan wà tí a ń ṣe fún òkú, sísìn kan sì wà tí a ń ṣe fún alààyè. Àwọn baba wa ò ní kí a fi ọ̀kan pa èkejì. Ẹ wo àwọn Mùsùlùmí inú wa, ọjọ́ tí ènìyàn bá kú ni wọ́n ń sin ín. Ṣùgbọ́n àwa náà la sọ fídáù di ìdíje, tí ó fi wọ́n ju ìsìnkú àwọn Kìrìsìtẹ́nì tí wọ́n ń fi òkú pamọ́ sí mọ́ṣúárì títí owó yóò fi pé. Ẹ̀sìn kọ́ ló fa èyí. Ìtìjú ni. Ẹnìkan ṣoṣo kò lè dín in kù, nítorí bí ó bá dá a ṣe, wọ́n á ní ó ya ahun, wọ́n á ní kò fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá síwájú ẹgbẹ́ àti síwájú ẹ̀yin olóyè. Ohun tí ẹnìkan kò tó ṣe, ẹgbẹ́ tó o ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kí a fọwọ́ sí ní ìpàdé tó ń bọ̀ nìyí:

Ìkínní, kí owó ìsìnkú dúró ní iye tó wà, kí a má fi kún un. Kí a sì pín in sí méjì: ìlàjì fún ìsìnkú, ìlàjì fún àpò ẹ̀kọ́.

Ìkejì, kí àpò ẹ̀kọ́ yìí máa ran ọmọbìnrin ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí ìwé, aṣọ tàbí owó ọkọ̀. Kí òun náà sì ṣí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ fún àwọn obìnrin ọjà wa: kíka àti kíkọ Yorùbá, nọ́ńbà, lẹ́yìn náà èdè Faransé tó tó lò ní ilé ìwòsàn àti ní mérì. Òfin wà lẹ́yìn wa. Abala 11 nínú ìwé òfin ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 fún gbogbo ẹ̀yà ní ẹ̀tọ́ láti lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ. A kò ní láti gba àṣẹ kí ìyá wa tó lè mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara wọn.

Ìkẹta, kí obìnrin méjì máa tọ́jú ìwé owó àpò náà, kí owó má sì jáde láìsí ìbuwọ́lùwé wọn.

Ìkẹrin, ẹ̀yin olóyè wa, ẹ̀yin ni mo bẹ̀ jù. Níbi ìsìnkú tí kò bá ní ariwo, ẹ dìde, ẹ sọ ọ́ létí gbogbo ènìyàn pé kò sí àbùkù níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ẹnu yín jáde, ìtìjú á kúrò lára tálákà.

Ẹnìkan á ní àwọn ìyá wa ti dàgbà, kí ni wọ́n fẹ́ fi ìwé ṣe? Inú fóònù ni owó ọjà wà lónìí. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbowó lórí fóònù lójoojúmọ́, ọmọ ẹlòmíràn ló ń ka iṣẹ́ tó bá wọlé fún wọn, ọmọ náà ló tún mọ nọ́ńbà àṣírí wọn. Wọ́n ti fi ìyẹn rẹ́ wọn jẹ rí. Obìnrin tó fi hóró àgbàdo kọ́ mi ní ìṣirò!

Kí n tó fi ìwé yìí ránṣẹ́, mo lọ gba àyè lọ́wọ́ wọn, torí ọ̀rọ̀ wọn ni. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kó o wá kà á sí mi létí o, kó o tó fi lélẹ̀, torí bí wọ́n bá gbé e jáde, èmi ò ní lè kà á."

Mo ti kà á fún wọn. Wọ́n ní kí n má yọ nǹkan kan kúrò. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, iwájú ni wọn yóò jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àga sílẹ̀ fún wọn.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí a ṣe é lójú ayé wọn. Àṣẹ.