Ẹ Má Fi Òṣùwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì Wọn Èdè Jàpáànì

Àwọn tí ó ti inú Gẹ̀ẹ́sì kọ́ èdè Jàpáànì a máa pariwo pé gírámà rẹ̀ wọ́. Ariwo yìí ń lé akẹ́kọ̀ọ́ sá. N kò gbà á! "Sakana o tabeta" ni ará Jàpáànì ń wí bí ó bá jẹ ẹja: ẹja ṣíwájú, "o" fi hàn pé òun ni a jẹ, ọ̀rọ̀-ìṣe kẹ́yìn. Kò dárúkọ ẹni tí ó jẹ ẹ́, nítorí olùgbọ́ ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà kì í sì í yí padà nítorí èmi, ìwọ tàbí àwọn, bí ti Yorùbá gan-an. Níbo ni ó ti wọ́?

Kanji, àmì ìkọ̀wé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà, ni iṣẹ́ gidi. A lè ka 生 sí "sei", "shō" tàbí "nama". Ọ̀rọ̀ tí ó bá wà nínú rẹ̀ ni yóò sọ èyí tí a ó kà. Ṣùgbọ́n ọdún 6 ni àwọn ọmọ Jàpáànì fi ń kọ́ 1,026 nínú wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ta ni ó wá sọ fún àgbà pé oṣù 3 tó? Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ kọ́ kanji mọ́ ọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi òṣùwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì.