Ẹ dán an wò kí ẹ tó ní ká ra òmíràn

Ẹ̀yin ará wa ní Parakou, ní Tchaourou, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Kétu, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lódìkejì bọ́dà, ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú wa tipẹ́ tí à ń gbé e mì. Lónìí a ó sọ ọ́, bí ó tilẹ̀ máa bí àwọn kan nínú láàárín àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì wa.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí: owó tí àwa onítakisí àti àwa tí à ń lo mọ́tò àtijọ́ ní Albarika ń ná lórí módúùlù ti pọ̀ jù, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ ìnákúnàá. A kò sọ pé módúùlù kì í bàjẹ́. Ó ń bàjẹ́. Ohun tí à ń sọ ni pé wọn kì í dán an wò kí wọ́n tó dá a lẹ́bi. Àwọn àgbà sì ti wí i: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa. Peugeot 405 ló fi ń kó èrò lọ sí Tchaourou. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, tí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa, ọkọ̀ á kàn kú lójú ọ̀nà láìwúkọ́. Èrò á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa kùn, àwọn míì á gba owó wọn padà. Lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọkọ̀ á tún ṣíná bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ mú gílóòbù ìdánwò jáde. Ó gbọ́ àlàyé wa, ó ní, "Módúùlù ni." A ra òmíràn. Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì, ó kú. Mẹkáníìkì kejì ní èyí tí a rà kò dára, ká tún ra òmíràn. A tún rà á. Ìyẹn náà kò pẹ́.

Ìgbà kẹta la tó bá bàbá kan pàdé tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Bàbá tú módúùlù kúrò lára irin tí wọ́n dè é mọ́, ó fi ìka nu ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kí a wò ó. Ó gbẹ táútáú, kò sí ọ̀rá funfun kankan níbẹ̀. Ó wo wáyà máàsì, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ débi pé bó ṣe fà á lásán báyìí ló já. Bàbá ha ìpẹtà kúrò, ó so wáyà tuntun, ó fi ọ̀rá sí ẹ̀yìn módúùlù. Ló bá ní, "Èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́ ńkọ́?" Ó wà lábẹ́ ìjókòó. Òun ni bàbá dè padà, òun náà ló sì wà lára ọkọ̀ títí di òní.

Módúùlù méjì la rà nítorí wáyà kan tó dípẹtà. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. Iná 12 volts ló wà nínú bátìrì. Bùjí kò lè fi ìyẹn tanná. Bòbínì ló ń sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó lè lé ní 20,000 volts, àmọ́ ìgbà tí a bá já iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá lójijì ló tó lè ṣe é. Nígbà àtijọ́, kọ́ńtáàkì inú dẹ́lúkò ló ń já a. Orúkọ yẹn, dẹ́lúkò, ọ̀dọ̀ àwọn Faransé la ti gbọ́ ọ, orúkọ ilé-iṣẹ́ Delco sì ni, tí Charles Kettering àti Edward Deeds dá sílẹ̀ ní Dayton ní Amẹ́ríkà ní 1909. Nígbà tó yá, wọ́n fi tiransísítọ̀ rọ́pò kọ́ńtáàkì, wọ́n kó o sínú ike kékeré kan. Ike yẹn ni módúùlù. Ẹ́ńjìnì onísìlíńdà mẹ́rin tó ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 100 ni módúùlù rẹ̀ ń já iná láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Iṣẹ́ yẹn ń mú ooru wá. Ọ̀rá funfun tó yẹ kó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń gbé ooru náà lọ sínú irin. Bí kò bá sí i, módúùlù ń sun ara rẹ̀ níná ni.

Ọ̀rọ̀ ooru yìí kì í ṣe àròsọ. Ní 2000, adájọ́ kan ní California pàṣẹ pé kí Ford gba ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ padà láti tún wọn ṣe, torí pé ara dẹ́lúkò ni wọ́n de módúùlù mọ́, níbi tí ooru ẹ́ńjìnì ti ń bá a jà, tí ọkọ̀ sì lè kú lójú ọ̀nà. Bí ooru bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí èyí tí wọ́n dè ní ilé-iṣẹ́, kí ló máa ṣe sí èyí tí wọ́n fi síkúrù kan ṣoṣo dè lábẹ́ igi ní Albarika, nínú ooru oṣù kẹta?

Àwọn kan ní kí a yọ módúùlù dànù, ká dá kọ́ńtáàkì padà bíi ti Peugeot 504 ayé àtijọ́. A mọ ohun tí wọ́n rí. Bí kọ́ńtáàkì bá jóná lọ́nà, o lè fi sáńpépà ha á, kí o tún àlàfo rẹ̀ wọ̀n, kí o máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n: ṣé wọ́n pààrọ̀ bòbínì pẹ̀lú? Bòbínì tí wọ́n ṣe fún módúùlù máa ń gba iná púpọ̀ kọjá ju ti kọ́ńtáàkì lọ. Ẹ fi í sára kọ́ńtáàkì, ẹ ó rí i bó ṣe máa jó o. Dẹ́lúkò ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò tilẹ̀ ní àyè kọ́ńtáàkì mọ́.

Àwọn míì ní onírédíò lè tún un ṣe. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Èyí tí tiransísítọ̀ rẹ̀ dá dúró, tí èèyàn lè tú, onírédíò tó mọṣẹ́ lè pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tí wọ́n da oje lé lórí pátá, tí inú rẹ̀ jẹ́ àwo pẹlẹbẹ kan ṣoṣo, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yín lórí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá wa, ohun tí à ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀:

1. Bí ọkọ̀ bá kú, ẹ wò bóyá iná ń dé bùjí nígbà tó ṣì gbóná. Bó bá ti tutù, àrùn náà ti sá pamọ́.

2. Ẹ wo iná tó ń wọ bòbínì àti wáyà máàsì kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn.

3. Ẹ fi gílóòbù ìdánwò kan ẹsẹ̀ bòbínì tó lọ sọ́dọ̀ módúùlù, kí ẹ fi ìdí kejì kan máàsì, kí ẹ ní kí ẹnì kan ṣíná. Bó bá ń ṣẹ́jú, módúùlù ń ṣiṣẹ́. Ẹ lọ wá ibòmíràn. Bí kò bá ṣẹ́jú, ẹ yẹ ohun tó ń ránṣẹ́ sí i láti inú dẹ́lúkò wò, àti wáyà rẹ̀, kí ẹ tó dá a lẹ́bi.

4. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fa wáyà bùjí sókè gbọọrọ láti wo iná. Bí iná ńlá yẹn kò bá rí ibi gbà, inú bòbínì àti módúùlù ló ń padà sí. Àyẹ̀wò yẹn fúnra rẹ̀ ti pa módúùlù tó ṣì dára.

5. Bí ẹ bá fẹ́ de tuntun, ẹ nu ojú irin, ẹ fi ọ̀rá funfun sí i, ẹ dè é le. Kí ẹ sì fún wa ní èyí tí ẹ tú kúrò.

Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́ náà. Àwa onímọ́tò kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwa là ń dúró ti mẹkáníìkì lórí pé kó yára, èrò ń dúró. Àwa là ń wá èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ́jà. Bí mẹkáníìkì bá fi wákàtí méjì wá àrùn, tó rí i pé wáyà lásán ni, a ó ní, "Ṣé wáyà yìí lo fẹ́ gba owó lé lórí?" Ṣùgbọ́n bó bá ní ká ra módúùlù, a ó yọ owó láìjanpata. Àwa la fi kọ́ wọn pé ẹni tó ronú kì í jèrè, ẹni tó pààrọ̀ ló ń jẹun. Ohun kan náà sì ni àwọn ọmọṣẹ́ wọn ń kọ́ lọ́dọ̀ wọn.

Àwa tí à ń kọ èyí ti fẹnu kò: láti òní lọ, a ó máa san owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀, bí a bá ra nǹkan tàbí a kò rà. Ẹni tí kò bá sì ní gílóòbù ìdánwò lọ́wọ́ kò ní tú módúùlù wa mọ́.

Albarika ni àdúgbò wa ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni pẹ̀lú àlùbáríkà tí à ń tọrọ ní gbogbo òwúrọ̀ kí a tó ṣíná ọkọ̀. Owó tí à ń jù sínú módúùlù tí kò ṣe nǹkan kan, àlùbáríkà wo ló wà nínú rẹ̀?

Ẹ̀yin mẹkáníìkì tó wà lórí ojú ewé yìí, bí a bá ṣì ọ̀rọ̀ sọ, ẹ tún un ṣe fún wa. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ sọ iye ìgbà tí wọ́n ti ní kí ẹ ra tiyín.