Omi Ọyàn, Omi Ni

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ àti ọyàn ìyá rẹ̀ ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má ṣe bi mí pé kí ni ó kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ ara mi.

Ní ọdún 2013 ni ìyàwó mi bí àkọ́bí wa. A gbé ìyá ìkókó lọ sí agboolé wa lẹ́yìn Ọjà'ba, kí ìyá mi lè máa bá a wẹ ọmọ. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un ní ilé ìwòsàn pé ọyàn nìkan ni kí ó fún ọmọ títí oṣù mẹ́fà yóò fi pé: kò sí omi, kò sí àgbo. Ní ọjọ́ kẹrin, oòrùn mú hanhan, ọmọ ń ké. Ìyá mi ní kí wọ́n bu omi wá. Ìyàwó mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ni ìyá mi bá kọjú sí mi: "Ẹ̀yin alákọ̀wé, ṣé òùngbẹ lẹ fẹ́ fi pa ọmọ mi ni?" Èmi tí gbogbo agboolé ń pè ní Dókítà (dókítà tí kò lè kọ oògùn ibà fún ènìyàn), ẹnu mi wọhò. Wọ́n fi ọwọ́ rọ omi sí ọmọ lẹ́nu. Ìyàwó mi kọjú sí ògiri, ó ń sunkún. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ìgbẹ́ gbuuru dé. Ọpẹ́ ni pé ọmọ náà yè é.

N kò dá ìyá mi lẹ́bi. Èmi ni mo jẹ̀bi. Omi ni Yorùbá fi ń gba àlejò, ọmọ tuntun sì ni àlejò tí ó ga jù lọ. Bí àgbàlagbà bá gbọ́ "ẹ má fún un lómi", ìwà ìkà ni yóò kà á sí. Ìmọ̀ràn àwọn nọ́ọ̀sì tọ̀nà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀ ni kò bá etí wa mu. Bẹ́ẹ̀, èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a fi sọ ọ́. Kí ni a ń pe ohun tí ó ń jáde láti inú ọmú? Omi ọyàn. Àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ kò wọ yàrá àyẹ̀wò kankan, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wọ̀n ọ́n, wọ́n rí i pé nínú ìdá 100 rẹ̀, nǹkan bí 87 jẹ́ omi gan-an. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ pé kódà ní ilẹ̀ olóoru, omi yẹn tó ọmọ fún oṣù mẹ́fà. Ikùn ìkókó kéré. Bí omi kànga bá kún un, kò ní fẹ́ mu ọyàn mọ́, bí ọmọ kò bá sì mu ún, ọyàn kò ní ṣe dáadáa. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wá máa sọ pé ọyàn ìyàwó kò lómi! Ti àkọ́kọ́ tí ó ki, tí àwọn kan ń fún dànù bí ìdọ̀tí, òun gan-an ni ó ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ àrùn.

Ìwádìí tí orílẹ̀-èdè wa ṣe ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ni ó ń mu ọyàn nìkan. Ìyàwó nìkan ni a máa ń kọ́ ní klíníìkì, bẹ́ẹ̀ ìyàwó kọ́ ni ó ń pàṣẹ nínú agboolé, ì báà ṣe ní Bẹẹrẹ tàbí ní Mápó. Ẹ pe ìyá ọkọ, ẹ pe ọkọ pẹ̀lú. Ẹ wá bá wọn nílé. Ní ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ kéde ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14 fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ. Bí ó bá fi gbogbo rẹ̀ dákẹ́ bíi tèmi, ìsinmi lásán ni. Aláta tí ó wà ní Ọjà'ba kò tilẹ̀ ní ìsinmi tí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí. Ẹni tí yóò bá a dúró ti igbá ọjà nígbà tí ó bá ń fún ọmọ lọ́yàn ni ó nílò.

Ní ọdún 2016 a tún bímọ, oòrùn tún mú. Lọ́tẹ̀ yìí mo lanu. Mo ní, "Ìyá, omi ni ó ń mu. Omi ọyàn."

Wọ́n wò mí títí. "Ta ló ní kì í ṣe omi?" Wọ́n dìde, wọ́n bu omi tútù kún kọ́ọ̀pù, wọ́n sì gbé e fún ìyàwó mi.